Ẹ̀rọ Ìfági Bàbá Rẹ Ti Lọ Sílé Ọkọ

Ilé Àjàlá Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Abúlé Ìdí-Ọsàn, ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi, ọmọ Àjàlá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣómólú ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ńkọ́, àti ọ̀gá rẹ tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, àti ìyàwó rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín? Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí o bá gbé nǹkan ka iná, lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, n kò fẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ jóná nítorí tèmi. Tí o bá ń bèèrè wa, a wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n tòsì ò dùn mí, mo sì ń dúpẹ́ nítorí tòsì. Ràmọ́nù àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní bí mo bá ti fi orúkọ Jésù gbàdúrà fún ọ tán, kí n fi ti Ànọ́bì lé e, kó lè múlẹ̀ dáadáa. Mo ti fi lé e.

Ewúrẹ́ Tíṣà Oyèbísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wọ yàrá mi, ó jẹ kàlẹ́ńdà tí o tẹ̀ fún wa láti Bajulaiye. Ó jẹ ẹ́ láti oṣù kìíní títí dé oṣù tí a wà yìí, ó wá dúró. Tíṣà ní ewúrẹ́ òun mọ̀wé nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kó máa san owó ilé ìwé nígbà náà.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mi ò tí ì sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí o fi ké igbe ńlá kan, tí fóònù sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ni. Tíṣà Oyèbísí tó jókòó tì mí ní igbe yẹn ò jọ igbe ayọ̀. Mo ní kí ló mọ̀, ṣé òun ló bí ọ ni? Bí mo ṣe tún ń pè ọ́, arábìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn pé o ti pa tìrẹ. Mo kí i, mo ní ilé ńkọ́, mo ní àwọn ọmọ ńkọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́, ó jọ pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ni mo bá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n fi rán Yísà tó ń fi mọ́tò kó ata lọ sí Bàrígà, kí ayọ̀ rẹ lè kún.

Ìwọ náà mọ̀ pé kí bàbá rẹ tó kú, ó sọ ọ́ lójú èmi àti Ràmọ́nù pé ìwọ lòún fi ẹ̀rọ ìfági òun sílẹ̀ fún. Ó ní nígbà tí òún ń ṣiṣẹ́ ní Bàrígà, kí òun tó gbé e wá sábúlé, bí òún bá ti ti pákó bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu, ìwọ lo máa ń dúró lódìkejì láti gbà á bó ṣe ń jáde ní dídán. Àwọn ọmọkùnrin ilé ń sá fún ariwo rẹ̀, ìwọ ò sá. O sì ti sọ fún mi pé títà lo fẹ́ tà á, kí o fi owó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tìrẹ tí o máa gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ sí, kí o kúrò lábẹ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́, mo sì gbà. O ní ohun tó kù ni kí a mọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti iye tó tó, pé irú irin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ níye lórí, pé àwọn kan ń wá a kiri.

Ràmọ́nù ní tirẹ̀ ò gbà pé irin tó ti dákẹ́ níye lórí. Ó lọ pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́mù, wọ́n gbé òṣùwọ̀n wọn dé. Mo ká ìró mi sókè, mo gun orí ẹ̀rọ náà, mo jókòó. Mo ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n o, n kò dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ èmi àti òun la jọ ń lọ sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n wò mí, wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n ní òṣùwọ̀n àwọn ò lè gbé wa, ni wọ́n bá bá tiwọn lọ. Ràmọ́nù bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí mo gbé ẹ̀wà fún un ló tó rántí pé èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.

Ti fọ́tò tí o ní kí a yà ló kàn. Tíṣà ló di fóònù mú. Àkọ́kọ́, mo we gèlè mi aláwọ̀ ọsàn, mo dúró níwájú ẹ̀rọ, o ní gèlè nìkan lo rí. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo jókòó lé e, o ní mo bo ibi tí orúkọ wà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, o ní kí n kúrò níbẹ̀ pátápátá. Moyọ̀, ó dùn mí díẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ẹlòmíràn tí ìyá rẹ̀ á lọ máa yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Wọ́n á rò pé kò lẹ́ni. Mo kúrò lóòótọ́, àmọ́ mo fi bàtà mi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá wo fọ́tò náà dáadáa, wàá rí i.

Orúkọ tí ò ń wá, ìdọ̀tí ti bò ó. Mo da kẹrosíìnì sí àkísà, mo nù ún títí irin pẹlẹbẹ kékeré kan fi yọ. Tíṣà gbé awò sójú, ó kà á, ó ní Tọ́mọ́sìnì àti Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé àwọn ló ṣe é nílùú òyìnbó. Mo bi í pé ṣé Tọ́mọ́sìnì ò bí obìnrin ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kó bí i. Mo ní ta ló wá ń gba pákó lódìkejì? Tíṣà bọ́ awò, ó ń nù ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

O tún ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ náà fún ọ, pé nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti kọ̀ fún ọ, má bínú. Báńkì ló kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n má ṣe fi nọ́ńbà àṣírí mi han ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí mo bí. Bí wọ́n bá ń bo nọ́ńbà tí ojú ò rí báyìí, ti èyí tí wọ́n gbẹ́ sára irin wá ńkọ́? Mo bu èbà díẹ̀, mo fi lẹ ojú rẹ̀ pa. O sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, o ní èyí yàtọ̀ sí ti báńkì. Mo ní ohun tí gbogbo gbájúẹ̀ máa ń wí nìyẹn. Ìgbà tí adìẹ ṣa èbà náà jẹ ni Tíṣà rí nọ́ńbà yẹn, tó sì kà á fún ọ lẹ́yìn mi. Adìẹ àti Tíṣà ni kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Inú rẹ dùn lọ́jọ́ náà. O ní ẹ̀rọ náà dàgbà ju èmi lọ, pé irú rẹ̀ ò pọ̀ láyé mọ́. Háà! Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yìí wá mo ti ń fìdí lé ẹni tó jù mí lọ. O ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ẹni, mo kúkú kì í: ọmọ Tọ́mọ́sìnì, a-jẹ-pákó-má-yó, a-hùn-ní-Bàrígà-kẹ́ja-ó-sá-ní-Ìlàjẹ, òun ló gba ọkọ mi lọ́sàn-án tó dá a padà fún mi lálẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nínú irun, orogún mi àná, ọmọ mi òní. Ibi tí mo ti fẹ́ kan sáárá sí i ni fóònù ti dákẹ́, ó ní àyè ò sí nínú òun mọ́.

Ìwọ fúnra rẹ lo wá rán Ikúmápàyí sí wa, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà, tí ilé wọn wà ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà. Moyọ̀, ọkùnrin náà ò fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó bẹ̀rẹ̀ ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ka ọ̀bẹ inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. Ó bi mí pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀ tí kò fi dípẹtà. Mo ní bàbá rẹ ló sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń fi àdí pa á, bí ẹni ń pa ọmọ tuntun. Ikúmápàyí mí kanlẹ̀, ó ní òun ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́, pé àwọn tuntun tí wọ́n ń kó wọlé báyìí kì í pẹ́ bà jẹ́. Ó ní kí n dárúkọ iye tí a fẹ́ gbà.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí a bá ti tà, ọ̀nà ti dí sí i nìyẹn, a kì í tún lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó rà á pé a wá bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Bàbá rẹ ò sí mọ́, ìwọ náà ò sí nítòsí, ọjọ́ Sátidé wá ń bọ̀, mi ò mọ ohun tí n ó máa fi àdí pa. Mo wá rò ó pé ọkùnrin tó tọrọ ààyè kó tó fọwọ́ kan nǹkan, tó bèèrè ẹni tó tọ́ ọ, tó ní òun á tọ́jú rẹ̀, kí ló kù tí kò ṣe nínú ohun tí ọkọ ìyàwó ń ṣe? Mo sọ fún un pé kò sí títà. Mo ní kó lọ mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ náà sì sọ létí mi pé kó ṣe ohunkóhun tí màmá bá ní kó ṣe. Ẹnu rẹ ló ti jáde, Moyọ̀. N ò ṣàdédé.

Ọmọ rere ni Ikúmápàyí. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Ìlàjẹ, òun àti àwọn géńdé tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ. Wọ́n kó iṣu wá, wọ́n kó obì àti oyin àti iyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé ẹja gbígbẹ tó kún agbọ̀n, òórùn rẹ̀ ni ewúrẹ́ Tíṣà fi dé ibẹ̀ ṣáájú Tíṣà. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, géńdé kan sùn lọ síbẹ̀. Ràmọ́nù ló dúró bíi bàbá ìyàwó. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta mi jáde pẹ̀lú aṣọ lórí, ó bi wọ́n pé ṣé èyí ni wọ́n wá fẹ́. Ikúmápàyí ṣí aṣọ wò, ó ní rárá, ẹ̀yin bàbá, èyí tó ju èyí lọ lòún rí nínú ọgbà yín. Mo ti wẹ ìyàwó, mo ti fi àdí pa á, mo fi aṣọ òkè tí mo wọ̀ lọ sílé ọkọ bò ó lórí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, tí oòrùn kọlù ú, Ràmọ́nù tó fẹ́ tà á fún oníkọ́ńdẹ́mù bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni òun rí.

Ikúmápàyí tẹ fóònù rẹ̀, tèmi dún, Tíṣà ka ohun tó wà níbẹ̀, ó sì tún un kà nítorí ojú rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù rẹ pé níbẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù. Gbogbo wa kí i. Ni mo bá dìde, mo ṣe ohun tí bàbá mi ṣe lọ́jọ́ tí bàbá rẹ san owó orí mi. Mo ní ọmọ wa kò sí fún títà, ẹ gba owó yín, ìtọ́jú la fẹ́. Mo ní a ti dá owó padà. Ikúmápàyí jókòó sórí iṣu tó gbé wá. Ó ní rárá, màmá, owó ńlá ni, ẹ ò lè ṣe báyìí. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ẹni tó ń ta ọmọ ní Ìdí-Ọsàn ni? Wọ́n gbé ìyàwó sínú ọkọ̀, mo súre fún un, n ò sunkún títí ọkọ̀ fi yà ní ìdí ọ̀pẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo sunkún.

Báńkì ni wọ́n ti fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n gbé owó náà jáde kí n rí i. Ọmọbìnrin tó wà lójú wíńdò ní inú kọ̀ǹpútà ló wà. Mo ní kó yáa yọ ọ́ lọ́tọ̀, kó má dà á pọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíràn, owó orí ni, kì í ṣe owó ata. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bi mí nítorí kí ni mo fi fẹ́ fi owó ránṣẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé A KÌ Í TA ỌMỌ. Ọ̀gá wọn jáde, ó kà á, ó bi mí pé ọmọ wo. Mo ní ẹ̀rọ ìfági. Ó wò mí, ó padà wọlé. Nígbà tó yá ṣá, wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ sí Ikúmápàyí.

Ibi tí mo bá ọ sọ ọ́ dé lórí fóònù nìyẹn tí o fi pariwo. Ó wá ku ìdajì.

Ikúmápàyí pè mí. Ó ní láti ìgbà tí owó yẹn ti padà dé ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu òun mọ́, pé òun ò lè gbé irú ẹ̀rọ yẹn sílé kí òun má lè wojú àna. Ó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù òun ní Bàrígà, tó kọjú sí títì, ṣófo, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ ju eruku lọ. Ó ní kí o kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ wá síbẹ̀. Òun á fi ẹ̀rọ bàbá rẹ fá pákó, òun á fi ṣe tábìlì àti pẹpẹ fún ọ, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀ owó ilé lọ́wọ́ rẹ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá wà lọ́dọ̀ òun. Mo ní kó má sọ fún ọ, kó jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Bajulaiye lo ń fẹ́, ṣùgbọ́n Yísà ní Bàrígà ò jìnnà, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ó kúkú yà mí lẹ́nu pé ìwọ ti kọ́kọ́ ń yọ̀ kí o tó gbọ́ èyí.

Ó tún ní kí n dúró. Ó tan ẹ̀rọ, ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Moyọ̀! Ó hùn! Mo kígbe mọ́ ọn pé ṣé dáadáa ni wọ́n ń ṣe sí ọ níbẹ̀, Ràmọ́nù náà gba fóònù, ó ń kí i, ó ní kó máa gbọ́ràn sọ́kọ lẹ́nu. Gbogbo òpópónà ló gbọ́. Nígbà tó yá, mo kàn ń gbọ́ ọ. Bàbá rẹ ló wà nínú ariwo yẹn.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ o. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ wá kí ìyàwó nílé ọkọ rẹ̀, a kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Fi owó àdí sí i, kí n ra kèrègbè tó kún wá, nítorí mi ò mọ irú epo tí wọ́n ń fi pa á ní Bàrígà. Fi owó aṣọ òkè mi sí i, ó ti gbóòórùn kẹrosíìnì. Ràmọ́nù ní tòun ni owó bàtà, pé bàbá ìyàwó kì í wọ sálúbàtà. Èmi ò mọ̀ sí tirẹ̀, mo kàn jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo tún ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Kó tó di pé o tẹ ìwé ẹnikẹ́ni níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kọ́kọ́ tẹ tèmi. Fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, lẹ ọ̀kan sójú ilẹ̀kùn rẹ, kí o lẹ ọ̀kan sára ẹ̀rọ, lábẹ́ Tọ́mọ́sìnì àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, kí ẹni tó bá tún nu ìdọ̀tí ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ẹni tó ń gba pákó lódìkejì. Kí o kọ ọ́ báyìí: ÀJÀLÁ ÀTI ỌMỌBÌNRIN RẸ̀.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí irin tó ti dákẹ́ tún hùn, á jẹ́ kí tìrẹ náà hùn, kí wọ́n gbọ́ ọ dé Ìlàjẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ. Ilé tí o bá wọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á máa fi pàdé rẹ. Àmín, lẹ́ẹ̀kan fún mi, lẹ́ẹ̀kan fún Ràmọ́nù.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Mojíbọ́lá Àjàlá,
ìyá ìyàwó.